Wúrà gidi ni, Àkànbí

Indianapolis, Indiana

Àkànbí àbúrò mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ọjọ́ mẹ́ta. Kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín láyọ̀ àti àlàáfíà. Bá mi kí Ìyá kí o tó kà á síwájú, torí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ohun méjì lo bi mí nípa àwòrán tí mo fi ránṣẹ́ láti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ọkọ̀ eré ìje. O ní ṣé wúrà gidi ni àkọlé tó ń dán lára àwọn ọkọ̀ yẹn, àti pé báwo ni èèyàn ṣe ń dá pátákó ìpolówó onítánńganran ojúlówó mọ̀ yàtọ̀ sí ayédèrú.

Wúrà gidi ni. Ṣùgbọ́n kò ní yé ọ ìdí tí wọ́n fi ń ná wúrà sára ọkọ̀ tó lè fọ́ yángá kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àfi bí o bá mọ ohun tí orúkọ yẹn wà fún. Nínú eré Indianapolis 500, tí wọ́n kọ́kọ́ sá ní ọdún 1911, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀, ẹni tó bá sì sanwó ló ń ni orúkọ náà. Bowes Seal Fast Special ló gbégbá orókè ní 1931: ilé iṣẹ́ tó ń ta róòbà àlẹ̀mọ́ tí fọkanáísà fi ń lẹ tíúbù ni Bowes. Ní 1936, Ring Free Special ni, epo ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti 1941, Noc-Out Hose Clamp Special. Klíìpù tí mẹkáníìkì fi ń di róòbà rédíétọ̀ mà ni o! Ẹni tó bá ka èsì eré náà lórí rédíò, tàbí tó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn, ìpolówó klíìpù ló ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Àkọlé yẹn ní láti ṣeé kà láti orí ìjókòó òǹwòran àti nínú fọ́tò aláwọ̀ dúdú àti funfun. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pe àtíìsì tó mọṣẹ́ nígbà náà.

Wúrà tí wọ́n ń lò, wọ́n lù ú títí ó fi fẹ́lẹ́ tó jẹ́ pé èémí ẹnu lásán lè gbé e lọ. Káráàtì 23, ìyẹn wúrà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àbùlà, ló wọ́pọ̀. Ewé 25 ló wà nínú ìwé kékeré kan, ewé kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀ tó ínṣì 3 lé díẹ̀ níbùú lóròó.

Ọ̀dà ara ọkọ̀ ní láti gbẹ dénú kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ọ̀dà tó ṣì ń lẹ̀ díẹ̀, bí ọwọ́ kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n, yóò gbá wúrà mú níbi tí o kò rán an sí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi páúdà tàbí ẹfun kíkúnná nu gbogbo ojú ibẹ̀, tí wọ́n á sì gbọn ìyókù dànù. Wọ́n á ya àkọlé sórí bébà, wọ́n á lu ihò wẹ́wẹ́ sí etí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, wọ́n á lẹ bébà náà mọ́ ara ọkọ̀, wọ́n á wá fi àpò aṣọ kékeré gbá a: èédú lílọ̀ ló wà nínú àpò náà bí ara ọkọ̀ bá funfun, ẹfun bí ó bá dúdú. Lẹ́yìn èyí ni gọ́ọ̀mù kàn. Gọ́ọ̀mù olóròóró ni, size ni wọ́n ń pè é. Wọ́n máa ń kán ọ̀dà yẹ́lò díẹ̀ sí i kí ojú lè rí ibi tí búrọ́ọ̀ṣì ti kọjá. Kí o fà á fẹ́lẹ́ o. Bí ó bá nípọn, òkè á gbẹ, ìsàlẹ̀ á ṣì tutù, wúrà á sì súnkì.

Ibi tí iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ gan-an ni àkókò. Oríṣi size kan ń tó lẹ́yìn wákàtí 1 sí 3, òmíràn di ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n má gbẹ́kẹ̀ lé aago, torí òjò àti oòrùn ń yí i padà. Oríkèé ìka ni kí o fi dán an wò: bí ó bá fà mọ́ ọ, tó dún “pà” bí o ṣe gbé ìka kúrò, tí nǹkan kan kò sì bá ìka rẹ lọ, ó tó. Bí o bá kánjú, wúrà á rì, dídán rẹ̀ á kú. Bí o bá pẹ́, kò ní mú, ihò ihò ni yóò kù. Ewé kan á gun ekejì létí díẹ̀, wọ́n á fi òwú tẹ̀ ẹ́, èérún tó bá sì já bọ́ ni wọ́n fi ń dí ihò.

Àwọn róbótó-róbótó tí o rí nínú lẹ́tà àkọlé ọkọ̀ náà, tí o rò pé irin ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, fẹ́lífẹ́ẹ̀tì lásán ni. Wọ́n fi wé òwú, wọ́n gbé e lé orí wúrà, wọ́n fi ọrùn ọwọ́ yí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n tún sún un díẹ̀, wọ́n tún yí i. Bí ọkọ̀ bá ń lọ, ìmọ́lẹ̀ á máa sáré káàkiri inú rẹ̀. Wàyí o, wúrà nìkan kò ṣeé kà lábẹ́ oòrùn, torí ó ń ṣe bíi dígí ni, àwọ̀ ojú ọ̀run ló ń gbé. Ọ̀dà dúdú tàbí pupa tí wọ́n fi yí etí rẹ̀ ká ló ń jẹ́ kí orúkọ dúró, òun náà ló sì ń bo etí tó ṣe jágajàga. Fáníìṣì ló gbẹ̀yìn. Ewé idẹ wà tí wọ́n ń tà bí wúrà. Kò wọ́n, àmọ́ bí fáníìṣì bá ti là, àwọ̀ ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára rẹ̀.

Nítorí pé ẹni tó ń sanwó ń yí padà, ọkọ̀ kan lè ti jẹ́ orúkọ mẹ́ta ní ọdún mẹ́ta. Bí o bá tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń rá lórí ọ̀dà, wàá rí etí orúkọ àtijọ́ tó yọ gọngọ lábẹ́ tuntun. Àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní láti yan ọdún tí wọn yóò dá a padà sí, ohun tí wọ́n bá sì fi sáńdìpépà há kò tún padà mọ́. Lójú tèmi, àkọlé tó ti ṣá díẹ̀ sàn ju èyí tí wọ́n sọ di tuntun lọ.

Kí n má gbàgbé pátákó ọwọ́ tí wọ́n fi ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ bó bá ń kọjá. Ní 1947, ọkọ̀ Blue Crown Spark Plug Special méjì ló wà níwájú, ọ̀gá kan náà, Lou Moore, ló ni wọ́n. Bill Holland ló ṣíwájú, wọ́n sì gbé “EZY” sókè fún un, pé kó rọra. Ó rọra. Mauri Rose tó wà lẹ́yìn ń sún mọ́ ọn. Holland rò pé òun ti fi odindi àyíká kan sílẹ̀ fún un, ó tilẹ̀ juwọ́ sí i bí ó ṣe ń kọjá lọ. Rose ló gba ife ọdún náà. Lẹ́tà mẹ́ta péré, wọn kò sì kọ ipò tí Rose wà sí i.

Ó kù pátákó tánńganran. Abọ́ tánńganran Ìyá ni kí o máa rò: irin nínú, gíláàsì lílọ̀ tí wọ́n yọ́ mọ́ ọn lára lóde. Wọ́n máa ń gé irin, wọ́n á lu ihò ìkọ́ rẹ̀, wọ́n á fi ásíìdì fọ̀ ọ́. Ìpele àkọ́kọ́ dúdú tàbí búlúù, òun ló ń di irin mú. Ó wọ ìléru ní nǹkan bí 800 lórí ìwọ̀n Celsius. Funfun tẹ̀ lé e, ó tún wọ ìléru. Lẹ́yìn náà, fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fọ́n ìyẹ̀fun gíláàsì sí i, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, wọ́n á gbé páànù tí wọ́n gé lẹ́tà sí lé e, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì gbá èyí tí kò wúlò kúrò, ó di ìléru. Ẹ̀yìn pátákó náà gbọ́dọ̀ gba tirẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á tẹ̀. Bí gáàsì haidirójìn bá há sínú irin, ìpẹ́ bí ìpẹ́ ẹja ni gíláàsì á máa ṣí, nígbà mìíràn lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tó ti tutù.

Ibẹ̀ náà ni àṣírí ayédèrú ti ń tú. Fi èékánná fà á láti àwọ̀ kan bọ́ sí òmíràn: ti ojúlówó ní àkàsọ̀. Wo ibi tó ti hó: àwọ̀, funfun, dúdú, kí o tó kan irin tó dógùn-ún. Bí ó bá jẹ́ pé àwọ̀ ni, tí irin sì tẹ̀ lé e tààrà, fi sílẹ̀. Gíláàsì gbọ́dọ̀ wọ etí ihò ìkọ́, torí wọ́n lu ihò kí wọ́n tó fín in. Mágínẹ́ẹ̀tì kò fi bẹ́ẹ̀ ṣèrànwọ́, irin ni ọ̀pọ̀ ayédèrú náà. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, bíi Ingram-Richardson ti Beaver Falls ní Pennsylvania, máa ń wà ní etí ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣe àdàkọ ìyẹn pẹ̀lú. Ogun Àgbáyé Kejì ló sọ wọ́n di ọ̀wọ́n, torí ọ̀pọ̀ ni wọ́n yọ́ fún irin. Ọṣẹ tútù àti aṣọ rírọ̀ ni kí o fi fọ̀ ọ́. Má gbé iná wẹ́dà sún mọ́ ọn láé, gíláàsì á fò kúrò.

Mo fi ìwé wúrà kan, ewé 25, àti size ìgò kékeré kan ránṣẹ́ sí ọ nínú páálí aṣọ Ìyá. Pátákó tí o ti kọ́kọ́ bàjẹ́ ni kí o fi dán an wò, kì í ṣe iṣẹ́ oníbàárà. Kí o tó ṣí ìwé náà, pa fáànù, ti fèrèsé, kí o sì sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má ṣe rẹ́rìn-ín nítòsí rẹ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Àjàní