Àjẹ́ Àná àti Òkú Òní: Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọmọ Mi

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́, ẹ̀yin tí ẹ wà nítòsí àti ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi. Ohun tí ó mú mi gbé kálàmù ni fídíò kan tí mẹ́ta nínú yín fi ṣọwọ́ sí mi láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, níbi tí ọkùnrin kan ti ń búra pé òun mọ ẹni tí ó pa Olóyè Bọ́lá Ìgè. Láti ìgbà tí ẹ ti ra fóònù yìí fún mi, orúkọ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ti gbọ́ nínú irú fídíò bẹ́ẹ̀, ẹni kọ̀ọ̀kan sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá náà nígbà tí ìbọn dún. Ìbàdàn ni mo wà ní alẹ́ ọjọ́ náà. N kò mọ ẹni tí ó pa á. Àìmọ̀ yìí gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí mo rí i pé ó ń ni yín lára débi pé ẹ ṣe tán láti fi ohunkóhun dí àyè rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 2001, Kérésì ku ọ̀túnla. Olóyè Ìgè, ọmọ Ẹ̀sà-Òkè tí ó ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ láti 1979 sí 1983, ni mínísítà fún ètò ìdájọ́ àti agbẹjọ́rò àgbà fún Nàìjíríà nígbà náà. Inú ilé rẹ̀ ní Bódìjà ni àwọn apànìyàn ká a mọ́, tí wọ́n sì yìnbọn pa á. Ìròyìn tí a gbọ́ ni pé àwọn ọlọ́pàá tí ń ṣọ́ ọ ti jáde lọ wá oúnjẹ. Ìjà òṣèlú ti ń gbóná ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Wọ́n ti pa ọ̀kan nínú àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ náà ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, kò sì tíì pẹ́ púpọ̀ tí àwọn jàǹdùkú já fìlà kúrò lórí Olóyè Ìgè fúnra rẹ̀ láàfin Ọọ̀ni, ní ojú àwùjọ. Ìjọba gbé àwọn kan lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì dá wọn sílẹ̀. Ní 2016, Ààrẹ Muhammadu Buhari pàṣẹ pé kí àwọn ọlọ́pàá tún ìwádìí náà bẹ̀rẹ̀. Títí di òní, kò sí ẹni kan tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ikú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Adájọ́ Àtinúkẹ́ Ìgè, kú ní 2003; obìnrin tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jókòó lórí àga ìdájọ́ kò gbọ́ ìdájọ́ lórí ikú ọkọ tirẹ̀.

Àwọn bàbá wa a máa sọ pé, “Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ?” Mo fi òwe yìí kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó fetí sí i dáadáa. Ìbéèrè ni ó fi parí, irú ìbéèrè tí í máa ń dójú ti ẹni tí ó bá fẹ́ dáhùn. Kò sí ẹni tí ó ka iye òru tí àjẹ́ ti ké tí ọmọ kankan kò kú. Kò sí ẹni tí ó béèrè bóyá ibà ti ń ṣe ọmọ náà láti ìjẹta. Ọkàn tí ó ń ṣọ̀fọ̀ rí ohun méjì tí ó tẹ̀lé ara wọn, ó so wọ́n pọ̀, ó sì gbà pé òun ti ṣe ìwádìí. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ṣe ọ̀rọ̀ fìlà Ifẹ̀. Wọ́n já fìlà, wọ́n pa olórí tí ó dé e, ó parí. Ẹ má ṣì mí gbọ́: fìlà náà ṣe pàtàkì, ìwà ọ̀daràn sì ni. Ibi tí ó yẹ kí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni, kì í ṣe ibi tí adájọ́ ń parí rẹ̀ sí.

Mo ní láti sọ ohun tí èmi náà ṣe. Oṣù Kẹjọ ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká tí a ń pè ní GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Nàìjíríà, àwọn tí ó sì ní i lára wa kò pọ̀. Ẹsẹ̀ ni àhesọ fi ń rìn nígbà náà. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì Kérésì, a pé jọ sí ìdí tábìlì ẹni tí ń ta ìwé ìròyìn, mo sì sọ fún gbogbo wọn pé wọ́n rí mọ́tò ọkùnrin kan báyìí, ọmọ ẹ̀yìn olóṣèlú kan ní àdúgbò wa, ní Bódìjà ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. N kò béèrè ẹni tí ó rí mọ́tò náà. Olùkọ́ ni mí, àwọn èèyàn gba ọ̀rọ̀ ẹnu mi gbọ́, kí ọ̀sẹ̀ sì tó parí, ọ̀rọ̀ náà ti padà dé ọ̀dọ̀ mi láti ẹnu àwọn tí n kò mọ̀ rí, ó ti wá ní nọ́ńbà mọ́tò àti iye owó tí wọ́n san. Lẹ́yìn oṣù bíi méjì ni mo tó gbọ́ pé Ìlọrin ni ọkùnrin náà wà ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, níbi òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwọn oníbàárà ti sá fún ìyàwó rẹ̀ lọ́jà. Wọ́n kó kúrò ní àdúgbò kí ọdún 2002 tó parí, n kò sì lọ bá wọn kí wọ́n tó lọ.

Oṣù méjì ni irọ́ tèmi fi rìn. Ẹ wo bí ó ti yára tó lóde òní. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án 2025, wọ́n yìnbọn pa Charlie Kirk, gbajúmọ̀ alátìlẹ́yìn Ààrẹ Donald Trump, níbi tí ó ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ ní Yunifásítì Utah Valley ní Amẹ́ríkà. Fídíò ikú náà ti wọ fóònù mi kí n tó lọ sùn, ó sì dùn mí pé mo wò ó. Olórí àjọ FBI, àjọ ọlọ́pàá olùwádìí Amẹ́ríkà, fúnra rẹ̀ kéde pé ọwọ́ ti tẹ ẹni kan. Kò pẹ́ tí ó tún kéde pé wọ́n ti dá a sílẹ̀. Inú àlàfo yẹn ni àwọn èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán ojú ẹni ẹlẹ́ni kún un. Wọ́n gbé àwòrán arúgbó kan tí ó ti fẹ̀yìn tì ní Kánádà káàkiri pé òun ni apànìyàn náà, nígbà tí ó jẹ́ pé ọkùnrin náà kò sí ní Utah rárá. Àwọn mìíràn lọ bi ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá léèrè, ẹ̀rọ náà sì ń tún irọ́ tí ó bá lójú òpó sọ fún wọn. Nígbà tí ẹbí ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 22 kan, tí wọ́n wá fẹ̀sùn ikú náà kàn, rọ̀ ọ́ títí tí ó fi fa ara rẹ̀ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, ó yẹ kí àwọn ìtàn yìí dákẹ́ kí ilé ẹjọ́ lè sọ tirẹ̀. Wọn kò dákẹ́. Ẹni tí ó ti gbà pé ìjọba ilẹ̀ òkèèrè ni ó pa á, tàbí pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, kò lè fara mọ́ ìtàn tí ó kéré ju ikú náà lọ. Ó dàbí àbùkù fún òkú ńlá pé kí ọwọ́ kékeré ti pa á.

Ohun kan náà ni ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n yìnbọn pa Ààrẹ John F. Kennedy ti Amẹ́ríkà ní Dallas ní 1963. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Jack Ruby pa Lee Harvey Oswald, ẹni tí wọ́n mú fún ikú náà, lẹ́yìn ọjọ́ méjì péré, lójú kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n, ẹjọ́ kò sì lè wáyé mọ́. Ìgbìmọ̀ olùwádìí kọ ìwé olójú-ewé 888 pé Oswald nìkan ni ó ṣe é, ṣùgbọ́n ní 1975 ni gbogbo ayé tó mọ̀ pé CIA, àjọ amí Amẹ́ríkà, ti fi ètò tí ó ṣe láti pa Fidel Castro, olórí Kúbà, pamọ́ fún ìgbìmọ̀ náà. Ta ni yóò dá àwọn èèyàn lẹ́bi pé wọ́n fura? Ìfura kọ́ ni mo ń bá jà. Ní New Orleans, agbẹjọ́rò ìjọba kan tí ń jẹ́ Jim Garrison kò dúró sórí ìfura. Ó mú oníṣòwò kan, Clay Shaw, ní 1967, ó ní ó wà nínú rìkíṣí náà. Ní 1969, kò tó nǹkan bíi wákàtí kan tí ìgbìmọ̀ àwọn ará ìlú tí a yàn láti gbọ́ ẹjọ́ náà fi jókòó kí wọ́n tó sọ pé kò jẹ̀bi. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà ni Shaw kú, orúkọ rẹ̀ sì ṣì ń jáde lẹ́nu àwọn tí kò ka ìdájọ́ náà rí.

Mo mọ̀ pé ẹ óò sọ fún mi pé rìkíṣí wà láyé. Ó wà. Nígbà tí wọ́n pa Patrice Lumumba, olórí ìjọba àkọ́kọ́ ní Kóńgò, ní ọjọ́ 17 oṣù Kínní ọdún 1961, àwọn aláṣẹ Katanga, ẹkùn tí ó ya kúrò lára Kóńgò, kéde pé ó sá kúrò ní àhámọ́ ni àwọn ará abúlé fi pa á. Irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ṣe mọ̀ pé irọ́ ni: àwọn kan wọ inú yàrá àkọsílẹ̀, wọ́n ka wáyà àti lẹ́tà àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, wọ́n fọ̀rọ̀ wá àwọn tí ó wà níbẹ̀ lẹ́nu wò, títí tí ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin Bẹ́ljíọ̀mù fi gbà ní 2001 pé orílẹ̀-èdè wọn kò lè wẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nínú ọ̀ràn náà. Wọ́n tọrọ àforíjì ní 2002. Eyín kan tí ọlọ́pàá Bẹ́ljíọ̀mù kan yọ lẹ́nu òkú náà ni wọ́n dá padà fún àwọn ọmọ Lumumba ní 2022. Ogójì ọdún ni iṣẹ́ náà gbà kí wọ́n tó jẹ́wọ́. Kò sí fídíò kankan tí wọ́n fi àmì pupa yí ojú èèyàn ká nínú rẹ̀.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dùn mí ju bí ẹ ṣe rò lọ nìyí. Ẹ rò pé bí ẹ bá ń pín àwọn ìtàn wọ̀nyí, ẹ ń gbèjà Olóyè Ìgè. Igbó tí ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bá ti tẹ̀, ọdẹ wo ni yóò tún dá ipasẹ̀ ẹran tí ó ń lé mọ̀? Ẹni tí ó rán apànìyàn lọ sí Bódìjà, bí ó bá ṣì wà láàyè, kò sí ẹ̀bùn tí a lè fún un tí ó ju orúkọ mẹ́rin, mẹ́jọ, mẹ́wàá tí ń fò kiri lọ, nítorí bí ẹlẹ́rìí gidi kan bá yọjú lọ́la, wọn yóò kan kà á mọ́ àwọn aláhesọ yòókù ni. Wọ́n sì ń sọ fún wa pé bí irọ́ bá sá fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ogún ọdún ti kọjá, ẹ̀yin ọmọ mi. Òtítọ́ kò ní ẹsẹ̀ bí kò bá sí ẹni tí yóò bá a rìn: ẹlẹ́rìí tí ó búra, ọlọ́pàá tí ó tọ́jú ẹ̀rí, akọ̀ròyìn tí ó padà lọ béèrè, ará ìlú tí ó kọ̀wé sí aṣòfin rẹ̀ láti bi í pé níbo ni ìwádìí tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ní 2016 já sí. Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ máa fi ṣọwọ́ síra yín ní gbogbo ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Ọkùnrin tí mo bà lórúkọ jẹ́ ti kú. Ẹnìkan tí ó bá wọn gbé ilé tẹ́lẹ̀ ni ó sọ fún mi. Ọmọ mẹ́ta ni ó bí, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin yóò sì ti lé ní ogójì ọdún báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí a ṣe ń wá èèyàn lórí ẹ̀rọ ayélujára, n óò fún ẹ̀gbọ́n yín àgbà ní orúkọ wọn ní ìdákọ́ńkọ́. Ẹ bá mi wá wọn, kí n lè lọ bá wọn níbikíbi tí wọ́n bá wà, kí n sọ fún wọn láti ẹnu ara mi pé Ìlọrin ni bàbá wọn wà.

Èmi ni,
Bàbá yín, Ìbàdàn.