Ọmọṣẹ́ tí ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀: ẹ̀yin ọ̀gá télọ̀, ẹ gbọ́ mi ná

Olóòtú mi ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ni mo ní l'Abẹ́òkúta níbí, èèyàn márùn-ún la jẹ́ tẹ́ ẹ bá ka èmi náà mọ́ ọn, kò sí mánijà, èmi ni mò ń sanwó oṣù, èmi náà ni mò ń wá epo sí jẹnẹrétọ̀.

Lọ́dún tó kọjá ẹni tó mọ aṣọ gé jù nínú wọn ṣàdédé yí padà, ọmọ tó máa ń ṣáájú mi dé ṣọ́ọ̀bù wá ń dé láago mọ́kànlá, á mú sísọ́ọ̀sì dání á kàn máa wo aṣọ, ìgbà tó wá gé léèsì ìyàwó kan kúrú tí ìgbéyàwó ku ọjọ́ mẹ́rin, mo pariwo mọ́ ọn níṣojú kọ́sítọ́mà: "Àbí orí ẹ ti dàrú ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí títí dòní.

Ìyá ẹ̀ ló wá bá mi lálẹ́ ọjọ́ kejì, ó ní ọmọ ò rí oorun sùn láti bí oṣù méjì, àwọn ti lọ sí Àrò, ọsibítù ìtọ́jú ọpọlọ, "ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ màdáàmù, ẹ má jẹ́ káwọn tó kù gbọ́." Mi ò bá a wí. Àwa ará Abẹ́òkúta la sọ orúkọ ọsibítù yẹn di èébú. Bẹ́ẹ̀ ní 1954 tí Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ ìlú wa níbí, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àrò, ṣe ló ní káwọn aláìsàn máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé ìtòsí, kí wọ́n máa bá wọn ṣe iṣẹ́ oko, kí wọ́n sì máa wá gba ìtọ́jú. Iṣẹ́ wà lára ìtọ́jú ẹ̀, àwa ọ̀gá wá rèé tá a kọ́kọ́ ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Èmi àti ọmọ náà jókòó sọ ọ́. Oògùn máa ń kùn ún lóorun láàárọ̀, torí náà aago mẹ́wàá ni kó máa dé, fún oṣù mẹ́ta bọ́tìnnì ló ń rán tó sì ń lọ aṣọ, ọjọ́ tó bá lọ rí dókítà mi ò yọ owó ẹ̀. Àwọn tó kù kùn, mo ní èmi ni mo ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, ó tán. Ó ná mi lówó ṣá, mo ra léèsì míì fún ìyàwó, mo tún ń sanwó fún ẹni tó ń wá bá wa gé aṣọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí kò wá tí kò sì pè, mo yọ owó ọjọ́ náà, òun fúnra ẹ̀ ló ní kí n má fi ojú àánú wo òun, pé ìyẹn gan-an ló ń dun òun jù.

Ó ti padà sídìí sísọ́ọ̀sì báyìí.

Ní January 2023 ni Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun, èyí tó rọ́pò ti 1958, àmọ́ mi ò tíì gbọ́ ọ rí nípàdé ẹgbẹ́ télọ̀ wa, owó àjọ àti aṣọ àjọ̀dún la máa ń jà sí. Ẹ bá wa tẹ̀ ẹ́ jáde lédè tá a gbọ́, kí alága wa sì pe nọ́ọ̀sì kan wá bá wa sọ̀rọ̀. Ẹ má kọ orúkọ mi sí i o, torí ọmọ yẹn.

Èmi ni,
Ìyá télọ̀ kan, Abẹ́òkúta