Ẹ̀rọ tó ṣiṣẹ́ lórí tábìlì kò tíì di ọjà

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé jáde kan àwọn ọ̀dọ́ wa ní Òṣogbo tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́, tí wọ́n sì ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà nígbà tó jẹ́ pé ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n tíì ṣe.

Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Mo ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tó máa ń já iná fúnra rẹ̀ bí fóltì bá ti ga jù, kí fíríìjì má baà jó. Ìlú wa ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná mànàmáná gbogbo orílẹ̀-èdè yìí wà, nítorí náà ọ̀rọ̀ iná kì í ṣe àjèjì sí wa. Ẹyọ àkọ́kọ́ dára púpọ̀, nítorí pé ńṣe ni mo ń pààrọ̀ rẹ́sítọ̀ rẹ̀, ìyẹn ẹ̀yà kékeré tó ń dín iná tó ń kọjá kù, títí ó fi ń já iná gẹ́lẹ́ bí fóltì bá ti dé 250. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣe 60, òmíràn ń já iná ní 235, òmíràn sì ń dúró di 270. Rẹ́sítọ̀ tó ní ìlà aláwọ̀ góòlù ni mo rà, èyí tó lè fi 5 nínú 100 yàtọ̀ sí iye tí wọ́n kà sí i. Ká ní èyí tó ní ìlà aláwọ̀ búráùn ni, ìyàtọ̀ náà kò ní ju 1 lọ. Kapásítọ̀, ìyẹn ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná fún ìgbà díẹ̀, tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kò lè gba ooru ju ìwọ̀n 85 lọ ni mo tún lò dípò èyí tó lè gba 105, mo sì tì wọ́n mọ́ ẹ̀gbẹ́ tiransifọ́mà kékeré tó máa ń gbóná nínú àpótí tó dé pinpin, bẹ́ẹ̀ bí ooru bá fi nǹkan bí ìwọ̀n 10 lé sí i, ọjọ́ tí irú kapásítọ̀ bẹ́ẹ̀ máa lò a já sí ìdajì. Mọ́kànlá padà wá bá mi kí oṣù kan tó pé, mo sì dá owó àwọn èèyàn padà.

Ohun tí mo ń bẹ àwọn ọmọ wa ni pé, kí wọ́n tó gba iṣẹ́ púpọ̀, kí wọ́n ṣe 20 péré, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹlòmíràn, tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe àkọ́kọ́, tò ó láti inú ìwé tí wọ́n kọ nìkan. Ibi tí onítọ̀hún bá ti ń béèrè ọ̀rọ̀ ni ìwé náà kù sí. Kí wọ́n wá èyí tó lè rọ́pò ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, nítorí ẹ̀yà tí a tú lára ẹ̀rọ àlòkù kì í ṣe ohun tí a lè rí 1,000 rẹ̀ rà. Kí wọ́n kan àpótí ìdánwò tí yóò yẹ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan wò kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Kí wọ́n má sì tíì náwó sórí mọ́ọ̀dì tí wọ́n fi ń ṣe àpótí rọ́bà nígbà tí bọ́ọ̀dù inú rẹ̀, tí wọ́n to àwọn ẹ̀yà sí, ṣì ń yí padà. Ìwé-ẹ̀rí MANCAP, èyí tí àjọ SON tó ń rí sí ìlànà ọjà ní Nàìjíríà máa ń fún ọjà tí a ṣe nílé tó bá ìlànà mu, náà ń bẹ níwájú.

Mo sì rọ àwọn tó ń ṣe ìdíje fún àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ pé kí wọ́n má fún ẹni tó gbé ẹyọ kan wá ní gbogbo owó ẹ̀bùn náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí wọ́n fún un ní ìdajì, kí wọ́n sì fún un ní ìyókù lọ́jọ́ tó bá gbé 20 tó ń ṣiṣẹ́ bákan náà wá.

Èmi ni,
Atúnrédíòṣe kan,
Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo.