Sí Àbẹ̀kẹ́, lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Ara mi le, ẹsẹ̀ tó ń dùn mí náà ti ń fúyẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí fóònù kò kúrò lọ́kàn mi. O ní o ti yọ ara rẹ kúrò láàárín àwọn tí ẹ jọ kàwé, pé kò sí ohun tí wọ́n ń sọ ju ìwà ọmọdé àti ìbéèrè tí kò lórí tí kò nídìí. Mi ò fẹ́ dá ọ lóhùn lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ náà kàn mí.

O rántí pé mo lọ sí Abẹ́òkúta lóṣù tó kọjá, síbi ìnáwó Ìyá Ìjàyè, ọ̀rẹ́ mi. Nígbà tí àlejò túká, àwa márùn-ún tí a jọ gbé bọ́dìn jókòó yí ìkòkò ìrẹsì ọ̀fadà ká. Ẹnìkan ní, ká ní Òkè Olúmọ lè sọ̀rọ̀, àṣírí ta ni yóò kọ́kọ́ tú nínú wa? Òmíràn ní, bí wọ́n bá ní kí o padà di ọmọ ọdún 15 pẹ̀lú ọgbọ́n orí rẹ ti òní, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí o bí kò ní sí mọ́, ṣé wàá gbà? Gbogbo wa pariwo pé ká má rí i. Ìwọ ni mo rí lójú mi, tí o ń rìn tẹ̀ẹ̀tẹ̀ẹ́ kiri ilé pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ ní ìdí.

Ìkẹta wá dé: bó bá jẹ́ alẹ́ kan ṣoṣo lo lè padà lọ tún ṣe, alẹ́ wo ni? Àyà mi já.

October 1986 ni, ní ọ̀sẹ̀ tí ìròyìn dé pé Wọlé Ṣóyínká, ọmọ Abẹ́òkúta, gba ẹ̀bùn Nobel. Inú àwọn olùkọ́ ń dùn, wọn kò ṣọ́ wa bíi ti tẹ́lẹ̀. A wà ní SS 2. Kò sọ́mọ bọ́dìn tí kò bẹ̀rù Madam Koi-Koi, olùkọ́ tó ti kú tí wọ́n ní ó ń fi bàtà gogoro rìn lóru. Mo gbé bàtà mátírọ̀nì lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, Ìyá Ìjàyè ń tẹ̀ lé mi, mo sì rin ọ̀dẹ̀dẹ̀ já: kói, kói, kói. Igbe ta. Ọmọ JSS 1 kan sáré nínú òkùnkùn, ó ré lulẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, eyín iwájú rẹ̀ kán.

Mo bọ́ bàtà sílẹ̀, mo sá wọ inú bẹ́ẹ̀dì. Ìyá Ìjàyè bẹ̀rẹ̀ láti gbé ọmọ náà dìde. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bá a, òun àti bàtà. Kò dárúkọ mi. Wọ́n lé e lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Àbẹ̀kẹ́, obìnrin yìí ló wẹ̀ ọ́ nígbà tí mo bí ọ. Ní gbogbo àwọn ọdún wọ̀nyẹn, mi ò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà.

Alẹ́ ọjọ́ ìnáwó náà ni mo sọ ọ́ fún un. Ó wò mí títí, ó ní, "Mo ti ń retí ẹ." Ó ní bàbá òun mú òun lọ sóko, òun nìkan ló ro oko ẹ̀gẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjèèjì. Ó ní oko ríro kò dun òun. Ohun tó dun òun ni pé nígbà tí òun padà dé, mi ò bi òun pé báwo ni ilé. Mo kúnlẹ̀. Ó fà mí dìde, a sunkún.

Ṣé mo lè tẹ Ìyá Ìjàyè láago lọ́sàn-án gangan kí n máa sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn? Inú ìbéèrè tí o pè ní aláìlórí yẹn ni mo ti rí ẹnu fi sọ ọ́. Jọ̀wọ́, padà sáàárín wọn. Bí wọ́n bá béèrè nǹkan, dá wọn lóhùn. Mo mọ̀ pé ọ̀kan wà nínú wọn tí ẹ kò yanjú ọ̀rọ̀ kí o tó lọ sí Manchester. Mi ò bi ọ́ nígbà náà. Ó yẹ kí n ti bi ọ́.

A ti ń wá ọmọ JSS 1 yẹn báyìí. Ẹnìkan ní ó ń gbé ní Ṣàgámù. Lọ́jọ́ tí a bá rí i, èmi àti Ìyá Ìjàyè la jọ ń lọ.

Ìyá rẹ ni.