Kí ló dé tá a fi ń sùn tá a bá ti gbá gòólù kan wọlé?

Oṣù kọkànlá, ọdún 2025

Ẹ̀yin Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín àmọ́ mi ò kọ lẹ́tà sí yín rí, ọ̀rọ̀ Super Eagles yìí ló ká mi lára débi pé mi ò lè gbé e mì mọ́. A ò ní lọ World Cup ọdún tó ń bọ̀, ẹlẹ́ẹ̀kejì léra wọn nìyẹn, wọ́n sì tún máa lọ gbá AFCON, ìyẹn Nations Cup ilẹ̀ Áfíríkà, ní Mòrókò lóṣù tó ń bọ̀. Kálukú ló ń sọ tiẹ̀, àwọn kan ní owó àjẹmọ́nú táwọn ọmọ náà tìtorí ẹ̀ kọ̀ láti ṣe tíréènì ló dà á rú, àwọn kan ní pẹ́nárítì la ò mọ̀ ọ́n gbá, àwọn kan tiẹ̀ ń pe orúkọ oògùn. Tèmi ò sí nínú gbogbo ìyẹn. Bá a ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù ni tèmi, ìgbà tá à ń sáré àti ìgbà tá à ń rọra, ohun táwọn ọmọ ìsinyìí ń pè ní tẹ́ńpò, torí ibẹ̀ gan-an ni mo rí i pé àìsàn wa wà.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Mókọ́lá níbí n'Íbàdàn táwọn èèyàn ti máa ń wá wo bọ́ọ̀lù, bẹ́ǹṣì mẹ́jọ, tẹlifíṣàn méjì, jẹnẹrétọ̀ kan. Èmi kì í jókòó, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni mo máa ń dúró sí torí owó ìwọlé, torí náà bí mo ṣe ń wo bọ́ọ̀lù ni mò ń wo àwọn tó ń wò ó. Tí bọ́ọ̀lù bá ń yá, ẹ ò ní rí ẹnì kan tó fẹ̀yìn ti ògiri, gbogbo wọn á tẹ̀ síwájú, bẹ́ǹṣì á máa dún kíkí-kíkí. Tó bá ti ń kú lọ, iná fóònù á bẹ̀rẹ̀ sí í tàn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú òkùnkùn yẹn, ibi tó bá ti tàn mẹ́ta mẹ́rin, èmi á ti mọ̀ pé wàhálà ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú méjì péré nínú àwọn tá a gbá lọ́dún yìí. Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá, àwa àti Benin Republic ní Uyo, ìṣẹ́jú kẹta ni Osimhen ti gbá àkọ́kọ́ wọlé. Ṣé wọ́n padà sẹ́yìn? Rárá o! Wọ́n tún ń bọ̀ ni, wọ́n tún ń bọ̀, ó gbá ìkejì ní ìṣẹ́jú 37, ó gbá ìkẹta ní 51, ìgbà tí wọ́n tiẹ̀ ti ń fẹ́ fọn fèrè ìparí ni Onyeka tún wá fi ẹ̀kẹrin lé e. Fóònù kan ò tàn nílé mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Oṣù kan lẹ́yìn ẹ̀, ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá, àwa àti DR Congo ní Rabat, nínú ìdíje àfikún fún World Cup, Onyeka yìí kan náà gbá a wọlé ní ìṣẹ́jú kẹta. Ìṣẹ́jú kẹta náà nìyẹn o! Mo sọ fún ara mi pé bíi ti Uyo ló máa rí. Àmọ́ kò pẹ́ rárá tí mo fi rí i tí dìfẹ́ńdà ń gbé e fún dìfẹ́ńdà, dìfẹ́ńdà ń gbé e fún Nwabali aṣọ́lé wa, Nwabali ń gbé e padà, kò sẹ́ni tó fẹ́ yíjú síwájú. Ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ládùúgbò wa wà lórí bẹ́ǹṣì iwájú, kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ, ó yíjú sí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní "Bàbá, ẹ wò wọ́n, wọ́n ti ń dá a padà sẹ́yìn." Mi ò tíì dá a lóhùn tán tí bọ́ọ̀lù fi bọ́ lọ́wọ́ wa láàárín pápá, Congo sáré lọ, Elia gbá a wọlé, ìṣẹ́jú 32. Lẹ́yìn háàfù táìmù Osimhen ò lè padà wá mọ́ torí ó fara pa, kò wá sẹ́ni tí ẹ̀rù ẹ̀ ń ba dìfẹ́ńdà wọn, a ń fà á títí dé pẹ́nárítì, wọ́n fi 4 sí 3 lé wa sílé.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa sọ pé bọ́ọ̀lù ò ṣeé fi gbogbo ìṣẹ́jú 90 sáré, pé ó yẹ kéèyàn rọra nígbà míì. Òótọ́ ni, èmi náà ò sọ pé kí wọ́n máa sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Àmọ́ ẹ wò ó, ológbò tó ń ba eku ò sáré, ìgbín tó kó orí wọ karahun náà ò sáré, ṣé ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe? Fífalẹ̀ ológbò ni mò ń wá, ti ìgbín ni wọ́n ń fún mi.

Mo rí ti ológbò yẹn lójú ara mi. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bàbá mi máa ń mú mi lọ wo IICC Shooting Stars ní Liberty Stadium, Muda Lawal ni mo máa ń wò. Bọ́ọ̀lù á dé ẹsẹ̀ ẹ̀, á fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á dúró, á gbójú sókè, gbogbo pápá á pa lọ́lọ́ torí gbogbo wa la mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀, kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú ó ti ta á sí wíńgì ọ̀tún, Ọdẹ́gbàmí ti ń sáré lọ. Ó falẹ̀ kó lè rí ọ̀nà ni, kò sì sẹ́ni tó ń gbà á lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n gbá àṣekágbá Nations Cup ọdún 1980 ní Sùúrùlérè, rédíò bàbá mi la fi gbọ́ ọ, Ernest Okonkwo ló ń sọ̀rọ̀, òun ló sọ Ọdẹ́gbàmí ní "Mathematical". Ìṣẹ́jú kejì ni Ọdẹ́gbàmí ti gbá a wọlé! Ìṣẹ́jú kejì o! Tó bá jẹ́ àwọn ti ìsinyìí ni wọ́n á ti padà sílé lọ tilẹ̀kùn. Ọdẹ́gbàmí tún gbá ìkejì kí wọ́n tó lọ sinmi, wọ́n sinmi dé, Muda Lawal fi ìkẹta lé e, Algeria ò rí nǹkan kan ṣe, 3 sí 0, ife àkọ́kọ́ tá a gbà nìyẹn.

Ọdún 1994 ní Amẹ́ríkà náà, àwa àti Bulgaria, Yekini, Amokachi, Amuneke, ìṣẹ́jú 21, 43, 55, gòólù kan ò jẹ́ ká sùn lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún yẹn kan náà ni mo kọ́kọ́ rí àìsàn yìí. Ítálì. Amuneke ti fún wa ní gòólù ní ìṣẹ́jú 25, nígbà tó di 75 rẹfirí lé Zola jáde, wọ́n ku mẹ́wàá, àwa pé mọ́kànlá, ẹ wá wò wá bá a ṣe ń fi bọ́ọ̀lù ṣeré níbẹ̀ yẹn, à ń yí i lọ yí i bọ̀, à ń wo aago. Ó ku ìṣẹ́jú méjì péré, Roberto Baggio dá gòólù yẹn padà, ó tún gbá pẹ́nárítì wọlé ní ẹ́síírà táìmù. Ilé aládùúgbò wa kan la ti ń wò ó, kò sẹ́ni tó lè dìde lórí ìjókòó, mo ṣì rántí pé ẹnì kan sáà dédé dìde ó lọ pa tẹlifíṣàn láì tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé.

Ohun tó wá ń dùn mí jù ni pé tí gbèsè bá wà lọ́rùn wa a mọ̀ ọ́n ṣe. Bùràsíìlì na wa ní 3 sí 1 ní Olympics 1996, ó ku díẹ̀ kó parí, Ikpeba gbá ọ̀kan, Kanu gbá méjì, a fi 4 sí 3 lé wọn lọ. Kí ló dé tó jẹ́ ìgbà tá a bá jẹ gbèsè nìkan là ń rántí pé a lẹ́sẹ̀?

Àṣekágbá AFCON ní Ivory Coast, oṣù kejì ọdún 2024, ìyẹn ṣì ń dùn mí. Troost-Ekong fi orí kàn án wọlé ní ìṣẹ́jú 38, inú ilé onílé la wà, gbogbo èrò yẹn dákẹ́, ìgbà yẹn gan-an ló yẹ ká tún kàn wọ́n lára. Ńṣe la padà sẹ́yìn, gbogbo wa kó jọ síwájú Nwabali, Adingra ọmọ Ivory Coast wá rí wíńgì òsì gbà fúnra ẹ̀, ó ń wá bá Ọlá Aina dìfẹ́ńdà wa léraléra, àwọn méjèèjì tí wọ́n gbá wọlé, ti Kessié àti ti Haller, ẹsẹ̀ Adingra yẹn ni bọ́ọ̀lù ti wá. Ẹ tún wo Zimbabwe ní Uyo nínú oṣù kẹta ọdún yìí, Osimhen fún wa ní gòólù ní 74, a sùn, wọ́n dá a padà ní 90. Àmì méjì tá a sọ nù lọ́jọ́ yẹn pẹ̀lú àwọn tá a ti sọ nù ṣáájú ló sọ wá di ẹni tó ń lọ gbá ìdíje àfikún kiri.

Wọ́n ní ó rẹ àwọn ọmọ náà, pé wọ́n ti gbá 120 ìṣẹ́jú pẹ̀lú Gabon ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú Congo. Mo gbà, ẹsẹ̀ kì í ṣe irin. Ṣùgbọ́n kí ló gbé wa dé 120 ìṣẹ́jú? Akor Adams ti gbá a wọlé ní 78, a tún ṣe bá a ṣe máa ń ṣe, Lemina dá a padà ní 89, ìgbà tí ẹ̀rù wá bà wá la gbá mẹ́ta sí i ní ẹ́síírà táìmù. Mẹ́ta! Agbára yẹn wà lára wa látilẹ̀. Àti pé ẹni tó padà sẹ́yìn ló ń rẹ̀ jù, torí òun ló máa máa sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀lù kiri, ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀ ló ń rí ààyè mí.

Mi ò bá kóòṣì Chelle jà. Ìgbà tó dé ní oṣù kìíní, àmì mẹ́ta péré la ní nínú eré mẹ́rin tá a ti gbá láti lọ World Cup, ẹni tó bá sọ pé kò ṣe nǹkan kan, kò sòótọ́. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ ò pọ̀. Tá a bá ti gbá a wọlé, kí Lookman àti ẹni tó bá wà ní wíńgì kejì má padà wá dara pọ̀ mọ́ dìfẹ́ńdà, kí wọ́n dúró sókè kí ọkàn àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lè bà lé pé tí bọ́ọ̀lù bá já wọ́n rí ẹni tí wọ́n máa tà á sí. Kí Ndidi àti Iwobi yíjú síwájú ní fọwọ́kàn àkọ́kọ́, tọ́nà ò bá sí kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bíi Muda, kí wọ́n wá ọ̀nà, kì í ṣe kí wọ́n dá a padà fún Nwabali bí ẹni dá owó ẹlẹ́ni padà. Tí ó bá sì rẹ ẹnì kan kó yọ ọ́, kó fi ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ yá wọlé, kó má ṣe fi dìfẹ́ńdà rọ́pò fọ́wàdì nígbà tó ṣì ku ìdajì wákàtí.

Tanzania, Tunisia àti Uganda la jọ wà ní gúrúùpù kan, ní ìlú Fès. Tunisia yẹn ni mò ń rò, torí wọ́n ní sùúrù, tá a bá fún wọn láyè lẹ́yìn gòólù kan ṣoṣo wọ́n á jókòó ti bọ́ọ̀lù yẹn títí wọ́n á fi rí tiwọn.

Ọjọ́ 23 oṣù Disẹ́ńbà la máa kọ́kọ́ gbá, àwa àti Tanzania. Mo ti ra páàgì tuntun sí jẹnẹrétọ̀ mi, ẹnu ọ̀nà náà ni mo máa wà. Tá a bá gbá a wọlé, ẹ jẹ́ káwọn ọmọ máa fò sókè, ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó bá tẹ̀ lé e lèmi máa wò, bóyá fóònù kan máa tàn.

Èmi ni tiyín,
Olólùfẹ́ Super Eagles, Mókọ́lá, Ìbàdàn