Sí Ẹ̀gbọ́n mi, nítorí dígí tí mo fi ránṣẹ́ sílé

Paris, 17 oṣù kẹwàá, 2010

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá àti Màmá. Lọ́jọ́ Àìkú tí a jọ sọ̀rọ̀, owó fóònù mi tán kí n tó fèsì, láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yín ti ń gbé mi nínú. Ẹ ní mo fi owó páànù ilé ra dígí. Ẹ ní kò ní bọ́tìnì tí èèyàn lè fi tẹ̀wé, kò ní ihò tí wọ́n ń ki clé USB bọ̀, kò sì lè ya fọ́tò. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tẹnu mi.

iPad ni orúkọ rẹ̀, kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi ìka tẹ̀ lójú. 499 yúrò ni mo rà á, ìyẹn bíi 327,000 sẹ́fà. Iṣẹ́ òru tí mo fi kún tọ̀sán ni mo fi kó owó rẹ̀ jọ, àmọ́ 80,000 nínú owó páànù bá a lọ. Mi ò ní fi pa mọ́ fún yín. Gbèsè ni, mo mọ̀, mo sì ti fi 80,000 náà ránṣẹ́ lánàá. Ẹ lọ gbà á kí òjò tó tún dé.

Ẹ mọ̀ pé ilé àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá òyìnbó kan wà níbẹ̀ tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, bíi ti Bàbá wa. Ní oṣù kẹfà, ọmọ rẹ̀ gbé ọ̀kan wá fún un. Mo ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ nígbà tí bàbá náà gbé ìka méjì lé ojú dígí náà, ó rọra ya ìka méjèèjì síra, lẹ́tà tíntìntín bá ń tóbi títí ó fi tó èékánná àtàǹpàkò mi. Ló bá ń ka ìwé ìròyìn. Ìrọ̀rí wà lọ́wọ́ mi, mi ò lè gbé e sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, olùkọ́ ni Bàbá. Ọdún 31 ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé ní Kétu. Lónìí, ọmọdé ló ń bẹ̀ pé kó wá ka ìwé fún òun.

Ẹ ní kì í ṣe kọ̀ǹpútà gidi. Wọn ò ṣe é fún iṣẹ́ ọ́fíìsì náà ni. Nígbà tí Steve Jobs, ọ̀gá ilé iṣẹ́ Apple tó ṣe é, gbé e jáde ní San Francisco ní 27 oṣù kìíní ọdún yìí, orí àga onítìmùtìmù ló jókòó sí, ó gbé e lé itan, ó ń fi ìka ṣí ojú ìwé. Bí Bàbá ṣe máa ń jókòó sí iwájú ilé nìyẹn. Kò tó kílò kan, kò ní wúwo lọ́wọ́ rẹ̀.

Ti pé ẹ ní kò gba iná: kò bàjẹ́ o! Iná tó ń ti ara kọ̀ǹpútà cyber, ilé íntánẹ́ẹ̀tì yẹn, jáde kéré jù fún un, ìdí nìyẹn tó fi kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ò gba iná. Orí ṣájà funfun tí mo dì mọ́ ọn ni kí ẹ kì bọ ara ògiri, tàbí kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀. Bó bá kún, ó lè tó wákàtí mẹ́wàá. Ti íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀bi mi ni. Èyí tó ń lo káàdì SIM fi 100 yúrò wọ́n jù ú, agbára mi ò gbé e. Wi-Fi nìkan ni tiwa mọ̀, àfi tí ẹ bá gbé e dé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Ṣùgbọ́n ohun tí mo kó sínú rẹ̀ kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Bíbélì Yorùbá wà níbẹ̀ lódindi. Orin ẹ̀fẹ̀ tí Bàbá fi kásẹ́ẹ̀tì gbà sílẹ̀ lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́ náà wà níbẹ̀, èyí tí mo gbé kúrò nílé tí ẹ fi bínú sí mi. Mo ti dá a padà báyìí.

Ti Màmá ló dùn mí jù. Wọ́n ti sọ fún un pé yóò máa rí ojú mi nínú rẹ̀, kò sì ní kámẹ́rà kankan. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Àwòrán mi wà nínú rẹ̀, mo sanra, ẹ fi hàn án.

Wàyí o, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ti wà nílé. Ṣé Bàbá ti fọwọ́ kàn án rí? Àbí inú àpótí aṣọ yín ló ṣì wà, kí ọmọdé má baà fọ́ ọ? Ta ni mo rà á fún, Ẹ̀gbọ́n mi?

Mo bẹ̀ yín, ẹ gbé e jáde lónìí. Ẹ jókòó tì í, ẹ mú ìka rẹ̀ méjèèjì, ẹ bá a yà wọ́n síra lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹ wá fi í sílẹ̀. Bó bá ti ka ojú ìwé kan tán, ẹ pè mí, ìbáà jẹ́ òru.

Èmi àbúrò yín,
Àbíọ́dún