Omi inú ọ̀rá ni ọmọ náà mọ̀

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún 14 rèé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ n'Íbàdàn, àwọn ọmọ tó ní ọ́tísìmù, ìyẹn ìyàtọ̀ nínú bí ọpọlọ ọmọ ṣe ń dàgbà, tó máa ń mú kí ọ̀rọ̀ sísọ àti bíbá èèyàn ṣe nira fún un, ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń mú wá sọ́dọ̀ mi. Ọ̀rọ̀ káàdì kan ló mú mi kọ̀wé sí yín.

Wọ́n mú ọmọkùnrin ọmọ ọdún 5 kan wá bá mi lọ́dún tó kọjá. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ kò ju méjì mẹ́ta lọ. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, igbe ni, á sì máa fi orí gbá ògiri. Mo kó káàdì alàwòrán mi jáde, èyí tí mo fowó gọbọi rà láti òkè òkun. Ìlànà tí wọ́n ń pè ní PECS ni mo fẹ́ lò, èyí tí Andy Bondy àti Lori Frost dá sílẹ̀ ní Delaware l'Amẹ́ríkà lọ́dún 1985. Ọmọ á mú àwòrán ohun tó ń fẹ́, á fi lé ẹlòmíì lọ́wọ́, onítọ̀hún á sì fún un ní nǹkan náà lójú ẹsẹ̀. Ìlànà tó dáa ni, ó ti ṣiṣẹ́ lójú mi láìmọye ìgbà. Àmọ́ àwòrán omi tó wà nínú káàdì tèmi, ife onígíláàsì ni, lábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ omi tó ń dán yinrin. Ọmọ náà wò ó, ó jù ú nù. Mo tún fi lé e lọ́wọ́, ó tún jù ú nù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la wà lórí ẹ̀.

Ìyá ẹ̀ ló là mí lójú. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú o, ọmọ yìí ò mọ ìyẹn. Píọ̀ wọ́tà ló ń mu."

Nígbà tí mo délé lálẹ́ ọjọ́ náà, mo gé ẹnu ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan, mo fọ̀ ọ́, mo sá a títí tó fi gbẹ, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí. Nígbà tí wọ́n padà wá, mo gbé e síwájú ọmọ náà. Ó fọwọ́ pa ọ̀rá náà, ó dún wárawára. Ó gbé e sétí, ó tún pa á. Ló bá nà án sí mi. Kíá ni mo gbé omi fún un. Ó feyín já ẹnu ẹ̀, ó mu ún, ó tún mú páálí náà, ó tún nà án sí mi. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì ké rárá. Ìyá ẹ̀ ní kí n jọ̀ọ́, kí n jẹ́ kí òun gbé páálí yẹn lọ sílé.

Olóòtú, ohun tí mo ń sọ nìyẹn. Irinṣẹ́ wa kò mọ ilé tí àwọn ọmọ wa ti ń wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òmíràn. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní ọ́tísìmù máa ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn, wọ́n á sì sọ ọ́ bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ gẹ́lẹ́. Leo Kanner, dókítà tó kọ̀wé lórí ọ́tísìmù l'Amẹ́ríkà lọ́dún 1943, ti rí i lára àwọn ọmọ 11 tó kọ nípa wọn. Lédè tiwa, ọmọ tí ebi ń pa á wojú ìyá àgbà, á ní, "Ṣé o fẹ́ jẹun?" Bí wọ́n ṣe máa ń bi í ló ń wí. Nínú ìwé òyìnbó, pé ọmọ náà fi "ìwọ" rọ́pò "èmi" nìkan ni ìṣòro tó wà níbẹ̀. Nílé Yorùbá, ọ̀rọ̀ ti di àrífín! Mo mọ ìyá àgbà kan tó gbá ọmọ létí nítorí "o" yìí. Bẹ́ẹ̀ ọmọ náà ò rí i fín, oúnjẹ ló ń tọrọ, gbólóhùn kan ṣoṣo tó ní ló sì fi tọrọ rẹ̀.

Ìmọ̀ràn pé ká máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọmọ fúnra ẹ̀ ló ń sọ ọ́ ti wà nínú ìwé tipẹ́. Ti ọ̀wọ̀ yìí, èmi àtàwọn ìyá ọmọ la jọ rò ó. Kí wọ́n tó gbé abọ́ kalẹ̀, dípò kí wọ́n bi í léèrè, wọ́n á sọ pé, "Ẹ fún mi lóúnjẹ." Bó bá wá gbà á sọ, á bá a mu, kò sì sẹ́ni tó máa nà án.

Ti ojú wíwò náà ńkọ́? Àwọn ìbéèrè 20 tí wọ́n ń pè ní M-CHAT-R, tí wọ́n fi ń yẹ ọmọ oṣù 16 sí 30 wò bóyá ó yẹ kí wọ́n gbé e lọ fún àyẹ̀wò síwájú sí i, ọ̀fẹ́ ni, mo sì ń lò ó. Ó béèrè bóyá ọmọ máa ń wo ojú ẹni. Àwọn ìyá kan á fi ìgbéraga dáhùn pé, "Rárá o, mo ti kọ́ ọ, kì í wojú àgbà." Mo ti wá kọ́ bí mo ṣe ń bi wọ́n pé bí ẹ bá ń bá a ṣeré ńkọ́, bí ẹ bá ń pa á lẹ́rìn-ín ńkọ́.

Àyẹ̀wò bí ọmọ ṣe ń pe ọ̀rọ̀ náà ńkọ́? Èyí tí mo ní kò ka "gb" sí, kò sì mọ ohùn òkè yàtọ̀ sí ti ìsàlẹ̀. Ọmọ tí kò lè ya igbá, igba àti ìgbà sọ́tọ̀ á gba máàkì rẹ̀ pé.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé wọ́n ṣì ń sọ fáwọn òbí pé kí wọ́n pa Yorùbá tì, pé èdè méjì ti pọ̀ jù fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ fún bàbá kan níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbé ọmọ lọ. Ìyá àgbà tó ń gbé ọmọ náà pọ̀n láti àárọ̀ dalẹ́ kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ló bá panu mọ́. Oṣù méje ni kò fi kọrin fún un. Àwọn olùwádìí ti fi àwọn ọmọ ọ́tísìmù elédè méjì wé àwọn elédè kan, wọn ò sì rí i pé èdè kejì ló ń fa ọ̀rọ̀ wọn sẹ́yìn.

Mi ò bẹnu àtẹ́ lu irinṣẹ́ òkè òkun. Àwòrán ARASAAC láti Aragón ní Sípéènì, ọ̀fẹ́ ni, mo máa ń tẹ̀ ẹ́ jáde. Ojú ewé tí ASHA, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ wa l'Amẹ́ríkà, kọ lórí ọ́tísìmù, ẹnikẹ́ni ló lè kà á. Ṣùgbọ́n ta ló máa ya ẹ̀kọ inú ewé fún wa, bí kì í bá ṣe àwa? Mo bẹ àwọn olùkọ́ wa ní Yunifásítì Ìbàdàn pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn lọ gba ohùn àwọn ọmọ Yorùbá sílẹ̀ nínú ilé, ká lè mọ ìgbà tí "gb" máa ń yọ lẹ́nu ọmọ tiwa. Mo sì bẹ ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi: páálí tí kálukú ti ṣe sínú àpótí, ẹ jẹ́ ká kó o jọ.

Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ tèmi sí yín kò tóbi. Ẹ fún wa ní àyè kékeré kan lójú ewé tí ẹ̀ ń tẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àwòrán kan àti ọ̀rọ̀ kan, pẹ̀lú àmì ohùn lórí rẹ̀, èyí tí ìyá tí kò ní owó dátà lè fi àlùmọ́gàjí gé. Mo ti ya 43 báyìí: garawa, kànrìnkàn, àkàrà, kẹ̀kẹ́ Márúwá, àti ọ̀rá omi yẹn. Ẹ wá gbà wọ́n, mi ò gba kọ́bọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Onítọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ kan, Ìbàdàn.